Ẹ̀yin Tí Ẹ Wolé Kí Ibà Má Baà Wọlé

Mo dúró ní Ṣàngó n'Ìbàdàn, mo kọjú sí yín, mo lanu, ire ni mo fẹ́ fi ẹnu mi pè. Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ fi ọjọ́ ayé yín lé ẹ̀fọn kiri kí ọmọ ọlọ́mọ lè rí oorun sùn. Ẹ̀yin wolé-wolé ayé àtijọ́, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tòde òní, ẹ̀yin tí ẹ pọn ẹ̀rọ oògùn sẹ́yìn bí ẹni pọnmọ, ẹ̀yin tí ẹ sin ẹ̀fọn nínú yàrá ìwádìí kí ẹ lè mọ àṣírí rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ gbé nẹ́ẹ̀tì láti ojúlé dé ojúlé. Bàbá mi, ìyá mi tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí iṣẹ́ yìí bá jẹ́ tiyín, ẹ tẹ́tí. Bí ó bá sì jẹ́ pé ilé tí wọ́n wò ni wọ́n bí yín sí, ẹ̀yin náà ẹ tẹ́tí, ìpín yín wà níbẹ̀. Bí mo bá ti ń wí, kí ẹ máa ṣe àmín, kí ó máa ṣẹ.

Ẹ ti gba èpè tó. Ta ni kò mọ̀? Bí ọmọdé bá ti fojú kan aṣọ kákí ní ìkóríta, igbe á ta: "Wolé-wolé ń bọ̀ o!" Ẹni kan á sáré bo àmù, ẹni kan á ti ilẹ̀kùn mọ́rí bíi pé kò sílé. Ìyá tó jí ní òru pọn omi, tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni ẹ ṣe da omi náà sílẹ̀ nítorí tanwíjí, kò súre fún yín lọ́jọ́ náà. Baba onílé tí ẹ fún ní sàmáǹsì tó fi dé kóòtù, ó pẹ́ kó tó tún kí yín. Mi ò dá wọn lẹ́bi, omi ṣọ̀wọ́n, owó ìtanràn sì ń dun ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni tó ṣépè láàárọ̀ ló sùn fọnfọn lálẹ́. Ọmọ náà ni mo dúró fún lónìí. Gbogbo èpè tí wọ́n ṣẹ́ sí yín lẹ́nu ọ̀nà, mo gbá a jọ, mo sọ ọ́ dìre, mo dá a padà sí yín lórí.

Ẹ da omi tanwíjí nù, ire yín kò ní dànù.
Ẹ ní kí á bo àmù, Ọlọ́run yóò bo àṣírí yín.
Ẹ mú adágún gbẹ, kànga ire yín kò ní gbẹ.
Ẹ la gọ́tà tó dí, ọ̀nà yín yóò là, ayé yín yóò là, ọmọ yín yóò là jù yín lọ.
Ẹ wo ilé onílé, Ẹlẹ́dàá yóò wo ilé tiyín, ilé yín kò ní wó.
Ẹ wolé kí ibà má baà wọlé: ire yóò wọlé tọ̀ yín, ire yóò jókòó, ire kò ní béèrè ọ̀nà àtijáde. Àṣẹ.

Mo fẹ́ kí ọmọ tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, tí kò bá wolé-wolé láyé, rí ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ àmù lẹ́yìn ilé, ẹ ó ṣí ọmọrí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí òjìji yín má baà já lu omi. Tanwíjí ń fura. Òjìji ọwọ́ lásán tó bá kọjá lórí omi, gbogbo wọn á jó rúkerúke lọ sí ìsàlẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ á ní omi náà mọ́ gaara. Ẹ ó dúró. Ẹ ó mú sùúrù. Wọ́n á tún máa jó bọ̀ lókè lọ́kọ̀ọ̀kan, orí nísàlẹ̀, ìdí lókè, nítorí ìdí ni wọ́n fi ń mí. Ìgbà náà ni ẹ ó wá fi ife tí ẹ so mọ́ igi bù wọ́n, ẹ ó dà wọ́n sínú abọ́ funfun, ẹ ó kà wọ́n, ẹ ó kọ iye wọn sílẹ̀. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá péré, ìyẹ́ á hù, wọ́n á fò wọ yàrá. Ìdí tí ẹ fi ń padà wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Àwa rò pé ẹ kórìíra wa ni, ẹ ò sì kórìíra ẹnikẹ́ni, ọjọ́ ni ẹ ń bá sáré.

Ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rẹ̀ nítorí wa, ẹ kò ní bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀tá. Ẹ̀yìn tí ẹ tẹ̀ sórí àmù kò ní ro yín lọ́jọ́ alẹ́. Ojú tí ẹ fi wá tanwíjí nínú òkùnkùn kò ní ṣókùnkùn, ojú náà ni ẹ ó fi rí ọmọ, ni ẹ ó fi rí ọmọ-ọmọ, ni ẹ ó fi rí ìgbéyàwó wọn. Ọwọ́ tí ẹ fi ka tanwíjí, owó ni yóò máa kà, ìbùkún ni yóò máa kà, ọdún ayọ̀ ni yóò máa kà tí kò ní kà á tán. Tanwíjí kò ní jí oorun yín. Ikú kò ní jí ọmọ yín gbé. Ẹ ó sùn, ẹ ó jí. Ẹ ó jí ire. Ẹ ó jí sí ayọ̀, ẹ kò ní jí sí ìròyìn burúkú. Àṣẹ.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹ̀fọn kì í ṣe ẹ̀yà kan. Anopheles gambiae tó ń gbé ibà kiri, omi tó mọ́ tí oòrùn ń pa ló ń yé sí: ojú ẹsẹ̀ màlúù, ipa táyà lójú ọ̀nà, ìpìlẹ̀ ilé tuntun tí òjò rọ̀ sí. Òru ló ń jẹ. Aedes aegypti tó ní àmì funfun lẹ́sẹ̀, tó ń gbé ibà pọ́njú, òun ló ni agolo, òun ló ni táyà, òun ló ni àmù, ojúmọmọ ló sì ń jẹ. Culex tó ń han létí wa títí ilẹ̀ fi ń mọ́, gọ́tà dídọ̀tí àti ṣalángá ni ààfin rẹ̀. Abo wọn nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹyin tó fẹ́ yé. Ṣàngó sì pèsè fún gbogbo wọn: táyà wà jọ gègèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì, omi ọjà dúró sínú gọ́tà, bókẹ́ẹ̀tì àti kẹ́ẹ̀gì ń gba òjò lẹ́yìn ilé tí àwọn ọmọ Pólì Ìbàdàn ń gbé. Ẹ̀yin lẹ mọ èwo ni kí á dà nù, èwo ni kí á bò, èwo ni kí á fín, èwo ni kí á di erùpẹ̀ sí.

Nítorí náà, ẹ̀fọn òru kò ní fọn fèrè ikú létí yín. Ẹ̀fọn ọ̀sán kò ní ta ọfà sí yín lára. Ibà kò ní ba yín ní bùba. Ibà pọ́njú kò ní pọ́n yín lójú, ojú kò ní pọ́n yín, ìpọ́njú kò ní mọ ilé yín. Ohun tí ẹ lé kúrò nílé àwa, kò ní forí lé ilé yín. Ogun tí ẹ bá wa jà, kò ní ti ẹ̀yìn bá yín jà. Aboyún tó wà lábẹ́ òrùlé yín á bí tibi tire, ọmọ tuntun yín á rìn, á ré gbogbo ìdènà kọjá, á pé ọdún márùn-ún, á pé àádọ́ta, á pé ọgọ́rùn-ún. Àṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí n júbà. Ìbà àwọn tó bá ibà jà kí á tó dáyé. Ní 1897, ní ilẹ̀ Íńdíà, Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn, ayé sì mọ̀ pé kì í ṣe oòrùn ọ̀sán ló ń fa ibà. Ní 1899 ó dé Freetown ní Sàró, ó ń wá adágún tí ẹ̀fọn ń yé sí láàárín ìgboro. Lọ́dún yẹn kan náà ni William MacGregor, dókítà tó di gómìnà, dé Èkó. Títí ó fi lọ ní 1904, kínínì ló ń pín, omi irà ló ń fà gbẹ, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ipa omi tí wọ́n gbẹ́ láàárín erékùṣù Èkó àti Ìkòyí. Ìbà Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá dókítà ìlera ìlú ní Èkó, tó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá, tí àwọn wolé-wolé fi ti ibẹ̀ tàn ká Nàìjíríà. Ó ti sinmi láti 1953. Olúwọlé ni, Olúwa sì bá a wọ gbogbo ilé tó wọ̀.

Ìbà àwọn tí ibà pọ́njú mú lọ níbi tí wọ́n ti ń wá ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Adrian Stokes kú sí Èkó ní oṣù kẹsàn-án 1927. Hideyo Noguchi, ọmọ Japan, kú sí Àkrà ní oṣù karùn-ún 1928, William Young tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìbà Asibi, ará Kpeve ní ilẹ̀ tó di Gánà lónìí, tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ ní 1927 nígbà tí àìsàn náà dá a wó. Asibi dìde. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni Max Theiler dín agbára rẹ̀ kù títí ó fi di abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní 1937, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún àwọn ọmọ wa títí dòní. Àìsàn ẹnì kan ṣoṣo di ààbò fún gbogbo ayé.

Ohun tó dá yín wó kò ní lè pa yín. Ẹ ó dìde níbẹ̀. Ohun tí ẹ jìyà rẹ̀ nìkan yóò di ìwòsàn fún ọ̀pọ̀. Àwọn tó ṣáájú kú lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin ó gbẹ̀yìn iṣẹ́, ẹ ó jókòó jẹ èrè iṣẹ́. Àṣẹ.

Ìwọ ọ̀dọ́ tí o ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìlera ní Ẹlẹ́yẹlé, mo mọ̀ pé o wà níbí. Ọkọ̀ Micra kan ṣoṣo ni láti Ṣàngó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn wolé-wolé tí mò ń kí yìí, nígbà tó ṣì ń jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ lè máa béèrè lọ́wọ́ rẹ pé kí ló dé tí o kò ṣe dókítà. Má dá wọn lóhùn. Ọmọ tí dókítà wò sàn mọ dókítà tó wò ó. Ọmọ tí ibà kò mú rárá kò mọ ẹni tí òun ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò mọ̀, ìjọba pàápàá kì í kà á mọ́ nǹkan tí ẹnì kan ṣe. Lójú tèmi, kò sí iṣẹ́ ìlera tó ga ju èyí lọ, mo sì dúró lé e. Ẹni tó ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan ọmọ lókè ti rí ọ. Ìwé rẹ á yé ọ. O kò ní ka ìwé kí o má rí iṣẹ́, o kò ní rí iṣẹ́ kí o má rí owó oṣù. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn á ṣí. Ajá onílé kò ní bù ọ́ jẹ, ọ̀rọ̀ onílé kò ní bà ọ́ nínú jẹ́. Ibi tí wọ́n ti lé àwọn bàbá rẹ, wọn á tẹ́ ẹní fún ọ. O ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ á pẹ́ lọ́wọ́ rẹ, orúkọ rẹ á pẹ́ lẹ́nu aráyé. Àṣẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, tí aṣọ kákí yín ti ṣá nínú àpótí, mo yà sọ́dọ̀ yín. Owó ìfẹ̀yìntì yín kò ní di ohun tí ẹ ó máa tò fún nínú oòrùn. Gírátúítì yín á tẹ̀ yín lọ́wọ́ nígbà tí eyín yín ṣì lè fọ́ egungun. Òógùn tí ẹ là lórí gọ́tà aláìmoore, Ọlọ́run ti kọ ọ́ sílẹ̀, yóò san án, yóò fi èlé sí i. Èéfín oògùn tí ẹ fà símú fún ọdún gbọọrọ kò ní di ikọ́ sí yín láyà. Ẹ kò ní sin ọmọ. Ọmọ ni yóò sin yín, lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbó tí ẹ tọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tó ti sùn, yálà ní itẹ́ òkú Ṣàngó níbí tàbí lẹ́yìnkùlé baba wọn, kí ilẹ̀ tẹ́ wọn lára, kí ẹ̀yìn wọn dára, kí ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ má ṣe dahoro. Àṣẹ.

Ó ku ìlú wa. Ní 2023, ibà pa tó bí ènìyàn 597,000 lágbàáyé, Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ jù lọ wà, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nínú ẹni mẹ́wàá tí ibà bá pa, bí mẹ́ta ló jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣẹ́gun. Ìbátan ẹ̀fọn wa yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní gambiae nígbà náà, ló wọkọ̀ láti Dakar lọ gúnlẹ̀ sí Natal ní Brazil ní 1930, tó sì pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ ní 1938. Fred Soper àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọ ojúlé dé ojúlé, wọ́n tú kòtò dé kòtò, nígbà tó fi máa di òpin 1940 kò sí ọ̀kan mọ́ níbẹ̀. Cape Verde nítòsí wa gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní oṣù kìn-ín-ní 2024 pé ibà ti tán nílẹ̀ wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn náà, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tí wọ́n ń pè ní R21, láti Kebbi àti Bayelsa. Ṣùgbọ́n àlejò burúkú kan ti yọjú: Anopheles stephensi, ẹ̀fọn ilẹ̀ Éṣíà tó fẹ́ràn ìgboro, tó ń yé sínú tánkì omi. Wọ́n ti rí i ní Nàìjíríà. Ìgbà tí ẹ̀fọn tún ń wọ inú tánkì àti àmù yìí, a tún nílò ẹni tí yóò ṣí ọmọrí wò.

Olódùmarè, Ọba tó dá omi kó tó dá ẹ̀fọn, ìwọ ni mo gbójú sókè sí. Ohun tó ṣeé ṣe fún Brazil, tó ṣeé ṣe fún Cape Verde, má jẹ́ kí ó ṣòro fún wa. Wo Ṣàngó, wo Mọ́kọ́lá, wo Sámóńdà, wo Ìjòkodò. Wo Bódìjà àti Agbowó, wo Dùgbẹ̀, wo Challenge. Wo ipa odò Ògùnpa tó kún lọ́dún 1980 tó gbé ènìyàn lọ: kí ó máa ṣàn, kí ó má ṣe dúró, kí ó má ṣe kún bò wá. Òjò tó bá rọ̀ lé wa lórí, kí ó jẹ́ òjò oúnjẹ, kí ó jẹ́ òjò ìbùkún, kí ó má ṣe di adágún àìsàn. Fún àwọn aláṣẹ wa ní ọkàn tó ń náwó sí gọ́tà kí ó tó náwó sí pósí. Dá wolé-wolé padà sí àdúgbò wa, kí o sì fi ìwà pẹ̀lẹ́ sí wọn lára, kí o fi ìmoore sí àwa náà lára. Ẹ̀fọn tó mú oògùn mọ́ra, kí ọgbọ́n àwọn ọmọ wa ní Yunifásítì Ìbàdàn borí rẹ̀. Jẹ́ kí á rí ọjọ́ tí wọn yóò máa pìtàn ibà fún ọmọdé n'Ìbàdàn, tí ọmọ náà yóò béèrè pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ó ṣojú wa. Kí ó ṣojú ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi ṣe àmín dé ibí, àdúrà náà ti kàn yín. Kò ní rékọjá yín. Ilé yín á tutù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín á tutù, ara ọmọ yín kò ní gbóná. Ẹ kò ní gbé ọmọ sáré lóru. Ẹ kò ní fi owó oúnjẹ ra oògùn. Orí yín á wolé fún yín lójú oorun. Àmín, àṣẹ, Èdùmàrè.

Ó yá, ẹ dìde, ẹ yí ilé yín ká kí ilẹ̀ tó ṣú. Táyà tó ń gba òjò, ẹ da omi inú rẹ̀ nù. Ọmọrí tánkì tó ṣí sílẹ̀, ẹ dé e. Ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò yín, bàbá náà tàbí ìyá náà, ẹ mọ ilé wọn. Ẹ lọ kàn wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́.